Ulé Ayọ̀, Ilé Ayọ̀

Lórí kíbọ́ọ̀dù Ìbídùn Fásanmí, lẹ́tà méjì ló ti pa rẹ́: U àti I. Wọ́n jókòó ti ara wọn ní ìlà òkè, ojú àwọn méjèèjì sì ń dán bí eyín ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin orín. Lára U, ìlà funfun kan ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀, tí kò gùn ju ẹ̀yọ ìrẹsì tó dá sí méjì lọ. Lára I, kò sí nǹkan kan mọ́. Àjèjì tó bá jókòó síbẹ̀ yóò máa tẹ ọ̀kan nípò èkejì.

Ìbídùn kì í ṣì wọ́n tẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ará Ìpáò, ọmọ àgbẹ̀ ẹlẹ́sìn Ifá tó fi kòkó rán an lọ sí pólì. Dípúlọ́mà nínú ìmọ̀ ìṣirò ló gbà bọ̀. Láti ọdún 2003 ló ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àgbájọ-Ọwọ́ ní Ìkọ̀lé, ní yàrá tí èmi náà ní tábìlì kan sí. Ohun tó ṣe níbẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà àti oṣù Bélú ọdún 2007 yìí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ìròyìn tó fi kún un tàbí kó yọ níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀ka mẹ́ta: Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó. Tíṣà, nọ́ọ̀sì àti àgbẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rajà yóò mú ìwé ẹgbẹ́ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ wa. Ṣọ́ọ̀bù yóò já rìsíìtì fún un, òun náà yóò sì gbé e wá sí ẹ̀ka tó bá sún mọ́ ọn. Akọ̀wé ibẹ̀ yóò béèrè orúkọ ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu rẹ̀, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ọlọ́jà kì í ṣeé kà, yóò sì tẹ ohun mẹ́ta péré sínú kọ̀ǹpútà: orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí wọ́n rajà, àti nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́. Ohun tí wọ́n rà kò sí níbẹ̀. Ìlú tí ṣọ́ọ̀bù wà kò sí níbẹ̀. Àpò ni a di rìsíìtì sí, òjò ọdún 2005 sì sọ wọ́n di bébà rírọ̀ bí ẹ̀kọ tútù.

Àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ti tó ọ̀kẹ́ méjì. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú rẹ̀ lé ní ẹgbàá àti ọ̀ọ́dúnrún. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá, ẹni àádọ́ta ọdún tó ti ń fi alùpùpù kó ìwé láàárín ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ọdún 1998, ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i.

Ó ní, “Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀ kò ju irínwó lọ, bí mo bá tilẹ̀ ka ti ẹni tó ń ta ẹ̀pà lójú fèrèsé.”

Ẹnu àti etí ló fà á. Ní agbègbè wa, ulé ni ilé, uṣẹ́ sì ni iṣẹ́. Iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti rédíò ló kọ́ wa ní ilé àti iṣẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ yóò pe orúkọ ṣọ́ọ̀bù bí ó ṣe ń pè é nílé. Akọ̀wé kan yóò kọ ohun tó gbọ́, akọ̀wé mìíràn yóò tún un ṣe bí olùkọ́ tó ń máàkì àròkọ. Akọ̀wé Ìdó gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ tó gbọdọ̀ fi U bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi ń sọ Uche, ará Íbò tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, di Iche. Ní Ọ̀yẹ́, Mojísọ́lá, akọ̀wé ibẹ̀, a máa túmọ̀ orúkọ tó bá dà bí ti ará oko sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí àkọsílẹ̀ lè gbayì.

A ti ń fi èyí ṣe ẹ̀rín fún ìgbà pípẹ́. Ní oṣù Ọ̀wàrà, ẹ̀rín tán. Ìgbìmọ̀ pinnu pé ṣọ́ọ̀bù tí wọn kò bá rajà níbẹ̀ tó ìgbà ọgọ́fà láàárín ọdún méjì kò ní sí nínú àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ mọ́ bí oṣù Bélú bá parí. Wọ́n tẹ orúkọ àwọn tí yóò lọ, wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri. Ìbídùn fi ìka kà á wálẹ̀ títí ó fi dé Ulé Ayọ̀: mẹ́tàdínlógójì.

Ó mú ìwé náà lọ bá akọ̀wé àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Olúyẹmí.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìrajà ṣọ́ọ̀bù Òkè-Àkò yìí kò lè jẹ́ mẹ́tàdínlógójì. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n gbà kọ orúkọ rẹ̀.”

“Ta ló ni ín?”

“Màmá Àṣàkẹ́ Ògúndípẹ̀ ni, sà. Àdá, ọkọ́, ìṣó àti oògùn kòkó ni wọ́n ń tà.”

“Ìwọ ńkọ́, ọmọ ibo ni ọ́?”

“Ìpáò, sà.”

“Níbo ni bàbá rẹ ti ń ra àdá?”

“Lọ́dọ̀ wọn ni, sà.”

Olúyẹmí yọ gíláàsì ojú rẹ̀. “Mísì Fásanmí, àdá bàbá rẹ kò lè wá bá wa jókòó ní ìpàdé. Bí mo bá tún ti ẹnì kan ṣe, gbogbo ọlọ́jà ló máa gbé pátákó tirẹ̀ wá síbí lọ́la.”

“Kì í ṣe ti ẹnì kan ni mo fẹ́ tún ṣe, sà. Gbogbo rẹ̀ ni.”

“Ọ̀kẹ́ méjì? Ìwọ nìkan?”

“Èmi àti kọ̀ǹpútà, sà.”

“Ó dáa. Kí ìwọ àti kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ yìí yáa ṣe é tán kí ìpàdé oṣù Bélú tó pé.”

Ohun tó wà nínú ewu kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí orúkọ ṣọ́ọ̀bù bá kúrò, ọmọ ẹgbẹ́ kò ní lè fi ìwé rajà níbẹ̀ mọ́. Yóò kọjá níwájú rẹ̀ lọ sí Ìkọ̀lé. Ṣọ́ọ̀bù méjì ló ti rí bẹ́ẹ̀ rí lójú Ìbídùn. Ọ̀kan ti di ibi tí wọ́n ń lọ ata. Èkejì, koríko ti bo àgádágodo rẹ̀.

Ní ọdún tó lò kẹ́yìn ní pólì, olùkọ́ kan fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn nípa ẹ̀rọ tó ń fi àpẹẹrẹ kẹ́kọ̀ọ́. Ìbídùn kò ju ìwé rẹ̀ nù. Ó tún lọ sí kafé íńtánẹ́ẹ̀tì ní Ìkọ̀lé, ó tẹ ewé mọ́kànlá jáde, ó sì kọ ètò kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì bá ń ṣiṣẹ́. Èrò inú rẹ̀ kò le. A kò ní fún ẹ̀rọ ní òfin. A ó gbé orúkọ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹni tó mọ̀ yóò sọ bóyá ṣọ́ọ̀bù kan náà ni tàbí méjì. Láti inú ọ̀pọ̀ ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò ti wọn ìyàtọ̀ tó nítumọ̀ àti èyí tó jẹ́ ìyàngbò.

Kọ́lá ni ẹni tó mọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi ń jókòó tì í lọ́sàn-án, bó bá ti ìrìn àjò dé.

“Uṣẹ́-Olúwa. Iṣẹ́ Olúwa,” Ìbídùn a kà.

“Ọ̀kan ni wọ́n. Ọ̀nà Ọ̀yẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo.”

“Ọláolú. Ọlá-Olú àti Àwọn Ọmọ.”

“Méjì. Èkínní ń ta rọ́bà. Èkejì ò bímọ kankan, iyì ló fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá, ẹ̀rọ ò nílò ìyẹn.”

“Ìwọ ni mo ń sọ fún. Wo ojú ẹ bó ṣe pọ́n bí ata.”

Ẹgbẹ̀rún kan ni gbogbo ìdáhùn tí wọ́n kó jọ. Ìbídùn fi ẹgbẹ̀rin kọ́ ẹ̀rọ. Ó di igba tó kù sínú àpòòwé pupa rúsúrúsú kan, ó lẹ̀ ẹ́ pa, kò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ rí i, bí olùkọ́ tí kò ní fi ìbéèrè ìdánwò ṣe iṣẹ́ kíláàsì.

Nígbà tí ẹ̀rọ wọn nǹkan tán, ó fi ìwọ̀n hàn pé bí U bá dúró nípò I ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìyàtọ̀ náà kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àárín ọ̀rọ̀, ó já mọ́ nǹkan gidi. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Èmi ti jiyàn ṣáájú pé àṣìtẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, níwọ̀n bí lẹ́tà méjèèjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí kíbọ́ọ̀dù. Ìbídùn yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi.

Ó ní, “Bí ó bá jẹ́ ìka ló ń yọ̀, ì bá máa yọ̀ ní àárín àti ní ìparí pẹ̀lú. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni. Ahọ́n ni, kì í ṣe ìka.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ ohun tó ń ṣe jù mí lọ.

Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ìpàdé, ẹ̀rọ sọ ọ̀nà mọ́kànlá tí àwọn akọ̀wé gbà kọ Ulé Ayọ̀ di ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Ìgbà ìrajà rẹ̀ láàárín ọdún méjì jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlélógójì. Olúyẹmí bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, bí Ìbídùn bá jẹ́ ẹni tí ohun tó wù ú máa ń tètè tẹ́ lọ́rùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rántí pé ní oṣù Ògún ọdún 2006, ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù Màmá Àṣàkẹ́, wọ́n sì tì í fún ọ̀sẹ̀ méje. Ó rántí nítorí pé èèkù àdá bàbá rẹ̀ ṣẹ́ nígbà náà, Ìkọ̀lé ni bàbá sì ti lọ ra òmíràn. Ó wo ọ̀sẹ̀ méje náà nínú àkọsílẹ̀. Ìrajà mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá,” ó pè é láti ojú fèrèsé, “ta ló ń tajà ní Ulé Ayọ̀ nígbà tí kò ní páànù lórí?”

Kọ́lá wọlé, ó wo ojú kọ̀ǹpútà. “Ilé Ayọ̀ ti Ìlúpéjú nìyẹn. Ìyàwó tíṣà kan, Olúwatóyìn, ló ni ín. Búrẹ́dì, ṣúgà, ìwé ọmọ iléèwé.”

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“O ò bi mí. Nínú gbogbo méjì-méjì tí o kà fún mi, àwọn méjèèjì ò pàdé ara wọn.”

Bí ó bá dákẹ́, Màmá Àṣàkẹ́ yóò wà nínú àkọsílẹ̀ pẹ̀lú ìrajà ẹlòmíràn, ṣọ́ọ̀bù Olúwatóyìn yóò sì pòórá láìṣẹ̀ láìrò. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ nínú ìgbìmọ̀. Ìbídùn dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó lọ kan ilẹ̀kùn Olúyẹmí.

“Iṣẹ́ tí ẹ yìn lánàá ní àbùkù, sà.”

“Ta ló rí i?”

“Èmi ni, sà.”

Olúyẹmí tẹ́tí gbọ́ àlàyé náà tán. “Àbùkù yìí, ṣé ó pa ará ọ̀dọ̀ yín lára ni, àbí ó ràn án lọ́wọ́?”

“Ó ràn án lọ́wọ́, sà.”

“O sì gbé e wá.” Ó fi ìka kan kàlẹ́ńdà orí tábìlì. “Ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé. Mi ò lè sún un.”

Ní Ọjọ́rú, Kọ́lá gbé e lọ sí Òkè-Àkò lórí alùpùpù. Ọjọ́ ọjà ni. Mo bá wọn lọ lórí ọ̀kadà kejì. Lára pátákó ṣọ́ọ̀bù náà, ènìyàn rí i kedere pé I ló wà níbẹ̀ rí kí wọ́n tó fi ọ̀dà búlúù kọ U gun orí rẹ̀. Màmá Àṣàkẹ́ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ń fi ọwọ́ òsì wọn ìṣó, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún lé ewúrẹ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Lẹ́tà U nìkan ni n kò fọwọ́ kàn.

“Ọmọ Fásanmí, ṣé àdá bàbá rẹ ti kú ni?”

“Rárá, màmá, ó ṣì mú. Pátákó yín ni mo wá wò.”

“Èwo ni ti pátákó? Ará Ìkọ̀lé ló kọ ọ́. Ó kọ Ilé. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà kó wá gbọ́ mi. Mo ní Ulé ni bàbá mi kọ́, Ulé ni wọ́n bí mi sí. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú ìwé. Mo ní kó lọ gbé pátákó náà kọ́ sára ìwé.”

Kọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi di àtẹ́rígbà mú.

Ìbídùn béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń tajà jù.

“Ọjọ́ ọjà nìkan. Ọrọọrún ni ọjà wa. Ọjọ́ yòókù, oko ni mo máa ń wà. Àbí ta ni yóò bá mi ro ó?”

Mo rí ìka Ìbídùn tó dúró lórí bébà. Ọjọ́ ìrajà wà nínú àkọsílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà orúkọ nìkan ni ó ti ní kí ẹ̀rọ wò.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó fi ìbéèrè tuntun kún ètò náà: ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ orúkọ kan ní ẹ̀ka kan, ṣé ìrajà rẹ̀ máa ń bọ́ sí ọjọ́ ọjà? Ọrún ni, nítorí náà ó kọ márùn-ún sí i. Ẹ̀rọ wọn ìbéèrè náà, ó ní kò wúlò rárá. Ìrajà Òkè-Àkò tàn ká ọjọ́ márààrún lọ́gbọọgba, bí ẹni fọ́n àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí Kọ́lá wọlé lọ́sàn-án, eruku ọ̀nà Ìdó ṣì wà lójú rẹ̀, Ìbídùn gbá àgbọ̀n mú.

“Kí ló dé?”

“Ọjà Òkè-Àkò kò tẹ̀lé ọrún.”

“Ọjà tí ìyá mi ná títí ọlọ́jọ́ fi dé! Mélòó lo fi sí i?”

“Márùn-ún.”

Kọ́lá na ọwọ́ rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ń ká ìka kọ̀ọ̀kan. “Ọjọ́rú tí a lọ, ọjà. Ọjọ́bọ̀. Ẹtì. Àbámẹ́ta. Àìkú, ọjà. Mélòó?”

“Márùn-ún.”

“Nítorí pé a ka Ọjọ́rú mọ́ ọn. Ẹ̀rọ rẹ ńkọ́, ṣé òun náà ka Ọjọ́rú mọ́ ọn?”

Ọjọ́ tí Yorùbá bá dúró lé lórí, ó wà nínú kíkà. Ẹ̀rọ kì í ka ibi tó dúró sí. Ìṣísẹ̀ ló ń kà, ìṣísẹ̀ láti Ọjọ́rú dé ọjọ́ Àìkú sì jẹ́ mẹ́rin. Láti kékeré ló ti ń ná ọjà ọrọọrún, kò sì sí ohun tó mú un fi ọjọ́ kan yọ nínú èkejì rí. Ó pa márùn-ún rẹ́, ó kọ mẹ́rin.

Ọ̀nà ìkọ̀wé méje nínú mọ́kànlá kó ìrajà wọn lé ọjọ́ kan ṣoṣo lórí nínú mẹ́rin, ó ga sókè bí òkìtì. Mẹ́rin yòókù kò ní ọjọ́ ọjà. Ìparí oṣù ni tiwọn ń pọ̀, nígbà tí tíṣà bá gba owó oṣù. Ẹ̀rọ fi ìwọ̀n ńlá fún ìbéèrè náà, ó sì pín wọn. Ulé Ayọ̀ ti Òkè-Àkò ní igba ó lé mẹ́ta. Ilé Ayọ̀ ti Ìlúpéjú ní méjìdínlógóje. Àwọn méjèèjì ju ọgọ́fà lọ. Ìbídùn wo ọ̀sẹ̀ méje tí òrùlé fi ṣí: Òkè-Àkò kò ní ìrajà kankan níbẹ̀, gbogbo mọ́kàndínlógún náà wà ní Ìlúpéjú.

Ìgbà náà ló tó ya àpòòwé. Nínú igba ìbéèrè tí ẹ̀rọ kò rí rí, igba ó dín mẹ́sàn-án ló gbà. Bí a ṣe ń pe iye náà lédè wa dùn mọ́ mi: àṣìṣe rẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀, kò fi pamọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó dúró níwájú ìgbìmọ̀, ó ṣàlàyé, kò gbé ohùn sókè. Orúkọ tó lé ní ẹgbàá àti ọ̀ọ́dúnrún ti di ṣọ́ọ̀bù irínwó ó lé mẹ́jọ. Uche ti padà di Uche. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, mọ́kànlélọ́gọ́ta ni ọjà wọn kò tó lóòótọ́. Kọ́lá, tí kì í wá sí ìpàdé, dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìbòrí alùpùpù lábẹ́ abíyá.

“Mẹ́sàn-án tí ẹ̀rọ kò gbà ńkọ́?” Olúyẹmí béèrè.

“Ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án ni wọ́n kàn, sà, orúkọ wọn rèé. Kí á má yọ ìkankan nínú wọn títí n ó fi fojú rí pátákó wọn.”

Olúyẹmí bu ọwọ́ lu ìwé náà. Lẹ́yìn náà, ó yí sí àwọn ìgbìmọ̀. “Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá Èkó ni a ti rí ẹni tó ṣe é. Inú yàrá kejì yìí ni.” Ó ní kí wọ́n ra kíbọ́ọ̀dù tuntun fún un. Ìbídùn dúpẹ́, ó ní kí wọ́n gbé e lọ fún akọ̀wé Ìdó. Òun mọ ibi tí U òun wà.

Mo ti bá àwọn tó kàwé jù ú lọ jókòó. N kò tíì rí ẹni tó bá iṣẹ́ ara rẹ̀ wí bẹ́ẹ̀ nígbà tí gbogbo ayé ń yìn ín, tó sì jẹ́ pé ìbáwí náà ló mú iṣẹ́ ọ̀hún tọ́.

Mẹ́fà nínú ṣọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án náà wà lójú ọ̀nà Ìdó. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìbídùn yóò jókòó sẹ́yìn alùpùpù Kọ́lá, yóò lọ ka pátákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, yóò sì kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe rí i.